Bí ẹ ṣe lè mọ iye workers' comp ọgbà ìrúgbìn yín ní Amẹ́ríkà, kí ẹ sì dín in kù

Ọ̀pọ̀ ọlọ́gbà ló rò pé ọwọ́ ilé iṣẹ́ ìbánigbófò ni iye workers' comp wà, pé kò sí ohun tí àwọn lè ṣe ju kí wọ́n pe aṣojú mìíràn, kí wọ́n bèèrè bóyá tirẹ̀ dínwó. Èmi ò gbà bẹ́ẹ̀. Nínú iṣẹ́ ọ̀gbìn òdòdó àti igi ní Amẹ́ríkà, ohun mẹ́ta ló ń pinnu owó náà: kóòdù (nọ́ńbà irú iṣẹ́) tí wọ́n to àwọn òṣìṣẹ́ yín sí, owó iṣẹ́ tí ẹ kọ sílẹ̀, àti ìtàn ìfarapa ọgbà yín. Èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀, ọwọ́ yín ló wà.

Fún ẹni tí ọ̀rọ̀ náà ṣì ṣàjèjì sí: workers' comp ni ìbánigbófò tí agbanisíṣẹ́ ń rà kí owó ìtọ́jú lè wà fún òṣìṣẹ́ tó bá farapa tàbí tó ṣàìsàn nítorí iṣẹ́. Ó tún ń san apá kan owó ọ̀sẹ̀ òṣìṣẹ́ náà nígbà tí kò bá lè ṣiṣẹ́. Ní ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀, ìdá méjì nínú mẹ́ta ni, títí dé gbèdéke tí ìpínlẹ̀ fi lélẹ̀. Wọn kì í bèèrè ẹni tó jẹ̀bi. Nítorí èyí, òṣìṣẹ́ kì í sábà lè pe ọ̀gá rẹ̀ lẹ́jọ́ lórí ìfarapa náà.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ wo ohun tí ìpínlẹ̀ yín sọ nípa iṣẹ́ oko

Kò sí òfin kan ṣoṣo fún gbogbo Amẹ́ríkà. Láti ìgbà tí Wisconsin ti ṣe tirẹ̀ ní 1911 ni ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ti ń ṣe bó ṣe wù ú. Ohun tó ń da ọlọ́gbà láàmú jù ni pé àwọn ìpínlẹ̀ kan yọ iṣẹ́ oko sílẹ̀, àwọn mìíràn kò yọ ọ́. Ní California, ẹni tó ní òṣìṣẹ́ kan ṣoṣo pàápàá gbọ́dọ̀ rà á, oko ni o, ọ́fíìsì ni o. Ní Florida, àgbẹ̀ lè wà láìrà á bí àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ tó ń wá déédéé kò bá ju márùn-ún lọ, tí àwọn tó ń gbà fún ìgbà díẹ̀ kò sì tó méjìlá lẹ́ẹ̀kan náà. Iṣẹ́ àwọn ìgbà díẹ̀ yẹn gbọ́dọ̀ parí kó tó pé 30 ọjọ́, kò sì gbọ́dọ̀ ju ọjọ́ 45 lọ lọ́dún. Georgia àti Alabama yọ òṣìṣẹ́ oko kúrò nínú òfin wọn. Ní Texas, agbanisíṣẹ́ aládàáni lè pinnu pé òun ò rà á rárá, ṣùgbọ́n bí òṣìṣẹ́ bá farapa tó sì gbé e lọ sílé ẹjọ́, òfin kò ní gba agbanisíṣẹ́ náà láyè láti sọ pé àìṣọ́ra òṣìṣẹ́ náà ló fà á.

Ẹ má tètè yọ̀ pé ẹ ti bọ́. Pé ẹ kọ nọ́sìrì (ọgbà tí a ti ń tọ́jú irúgbìn fún títà) sí ara pátákó yín kò sọ ibẹ̀ di oko lójú òfin. Ibi tí ẹ ti ń gbin irúgbìn láti kékeré títí yóò fi tó tà lè jẹ́ oko. Ibi tí ẹ ti ń ra òdòdó lọ́wọ́ ẹlòmíràn tí ẹ sì ń tún un tà, tàbí tí òṣìṣẹ́ yín ti ń lọ gbin igi sí àgbàlá oníbàárà, ó ṣeé ṣe kó má jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ẹ bèèrè lọ́wọ́ iléeṣẹ́ ìjọba ìpínlẹ̀ tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ yìí, kí ẹ sì gba èsì náà ní kíkọ. Bí ìfarapa bá ṣẹlẹ̀ láìsí ìwé ìbánigbófò níbi tí òfin ti fẹ́ ẹ, ẹ̀yin ni yóò san owó ìtọ́jú, ìtanràn á sì tẹ̀ lé e.

Ọ̀rọ̀ àwọn òṣìṣẹ́ tó wá láti ilẹ̀ òkèèrè pẹ̀lú físà H-2A, ti iṣẹ́ oko fún ìgbà díẹ̀, yàtọ̀. Òfin ìjọba àpapọ̀ sọ pé agbanisíṣẹ́ gbọ́dọ̀ pèsè workers' comp fún wọn láìgba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ wọn. Bí ìpínlẹ̀ bá tilẹ̀ yọ iṣẹ́ oko sílẹ̀, ẹ gbọ́dọ̀ ra ìbánigbófò mìíràn tó dọ́gba pẹ̀lú rẹ̀.

Ibi tí ẹ ti máa rà á tún kù. Ní Ohio, North Dakota, Washington àti Wyoming, ọ̀dọ̀ ìjọba ìpínlẹ̀ ni wọ́n ti ń rà á, ilé iṣẹ́ aládàáni kì í tà á. Washington tún yàtọ̀ sí gbogbo wọn: wákàtí iṣẹ́ ni wọ́n ń kà níbẹ̀, wọn kì í ka owó iṣẹ́, òṣìṣẹ́ náà sì ń dá apá kan. Ìṣirò tí mo máa ṣe nísàlẹ̀ kò bá Washington mu, nítorí náà kí àwọn ará ibẹ̀ fo ìgbésẹ̀ kẹta.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ mọ kóòdù yín kí aṣojú tó mọ̀ ọ́n fún yín

Nínú ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀, àjọ tí wọ́n ń pè ní NCCI ló ń to iṣẹ́ sí kóòdù. California, New York, Pennsylvania àti àwọn bíi mélòó kan ní àjọ tiwọn. Kóòdù kọ̀ọ̀kan ní iye tirẹ̀ lórí 100 dọ́là owó iṣẹ́, iye náà sì ń yí láti ìpínlẹ̀ dé ìpínlẹ̀ àti láti ọdún dé ọdún.

Èyí tó bá wa jù nínú ìlànà NCCI ni 0005, ti àwọn òṣìṣẹ́ nọ́sìrì àti awakọ̀ wọn. 0035 ni ti àwọn tó ń gbin òdòdó, tí ọ̀pọ̀ iṣẹ́ inú ilé ọ̀gbìn (ilé tí a fi rọ́bà tàbí gíláàsì bò láti gbin nǹkan sí) ń bọ́ sí. Bí ẹ bá ní ilé ìtajà òdòdó, 8001 wà fún un. Akọ̀wé inú ọ́fíìsì ní 8810. Ẹni tó ń rìn kiri láti ta ọjà, tí kì í fọwọ́ kan iṣẹ́ ọgbà, ní 8742. Lẹ́yìn ìyẹn ni 0042, ti àwọn tó ń ṣe ọ̀ṣọ́ àgbàlá fún oníbàárà. Iṣẹ́ gígé ẹ̀ka lórí igi gíga tún wà ní 0106, òun ló sì sábà máa ń wọ́n jù nínú ẹbí yìí, nítorí pé ẹni tó já bọ́ látorí igi kì í fara pa kékeré.

Ibí ni owó ti ń sọnù. Ọlọ́gbà tí ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ méjì ń lọ gbin igi sílé oníbàárà lọ́jọ́ Sátidé, tí kò sì kọ wákàtí wọn sọ́tọ̀, lè rí i pé olùyẹ̀wò ìwé tí ilé iṣẹ́ ìbánigbófò rán wá gbé gbogbo owó ọdún àwọn méjèèjì sí abẹ́ kóòdù tó wọ́n jù. Òfin àwọn àjọ wọ̀nyí gba kí a pín owó òṣìṣẹ́ kan sí kóòdù méjì, ṣùgbọ́n ìwé wákàtí gidi ni wọ́n fẹ́ rí. Wọn kì í gba àfojúdá pé ó tó ìdajì-ìdajì. Ti akọ̀wé tilẹ̀ tún le jù. Ẹni tí ẹ bá fẹ́ kó wà ní 8810, inú ọ́fíìsì tó dá dúró ni kó ti máa ṣiṣẹ́, kò sì sí pé a pín owó rẹ̀. Ìyàwó ọlọ́gbà tó ń ṣe ìwé láàárọ̀ tó sì ń bomi rin irúgbìn lọ́sàn-án, abẹ́ 0005 ni gbogbo owó rẹ̀ ń lọ. Mo mọ̀ pé ó dà bí ìrẹ́jẹ, ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn. Bí ẹ bá lè rí ẹlòmíràn bomi rin irúgbìn, ẹ jẹ́ kí ẹni náà ṣe é.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ẹ fọwọ́ ara yín ṣe ìṣirò náà

Ìṣirò náà kò le. Ẹ pín owó iṣẹ́ ọdún sí ọgọ́ọ̀gọ́rùn-ún dọ́là, ẹ fi iye kóòdù náà sọ ọ́ di púpọ̀, lẹ́yìn náà ẹ fi nọ́ńbà ìtàn ìfarapa yín sọ ọ́ di púpọ̀. Nọ́ńbà ìkẹyìn yìí ni wọ́n ń pè ní mod. Ẹdínwó àti àwọn owó kéékèèké mìíràn ń tẹ̀ lé e.

Ká fi àpẹẹrẹ sọ ọ́, pẹ̀lú iye tí mo kàn mú fún ìṣirò. Ká ní owó àwọn òṣìṣẹ́ ilé ọ̀gbìn yín lọ́dún jẹ́ $210,000, iye kóòdù wọn jẹ́ $5 lórí 100 dọ́là. $10,500 nìyẹn. Akọ̀wé yín ń gba $45,000, iye kóòdù tirẹ̀ jẹ́ 20 sẹ́ńtì: $90 péré. Àpapọ̀ $10,590. Bí mod yín bá jẹ́ 1.00, iye tí ẹ máa san nìyẹn kí ẹdínwó tó wọlé. Bó bá jẹ́ 1.25, ó di $13,237.50. Bó bá jẹ́ 0.85, ó di $9,001.50. Ju $4,200 lọ ló wà láàárín ọgbà méjì tó ń ṣe iṣẹ́ kan náà ní ìpínlẹ̀ kan náà.

Ẹ tún wo ti akọ̀wé yẹn. Bí wọ́n bá kó o mọ́ àwọn tó ń gbin irúgbìn, $45,000 rẹ̀ yóò mú $2,250 wá dípò $90. Ìyẹn nìkan tó láti fi ra bẹ́ǹṣì tuntun fún ilé ọ̀gbìn kan.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ẹ mọ ohun tó jẹ́ owó iṣẹ́ àti ohun tí kì í ṣe

Ohun tí wọ́n ń kà sí owó iṣẹ́ ju owó ìdíyelé wákàtí lọ. Owó bónọ́ọ̀sì wọlé, owó ìsinmi wọlé, owó iṣẹ́ tí a ń san lórí iye ìkòkò tí òṣìṣẹ́ rọ iyẹ̀pẹ̀ sí wọlé. Ilé tí ẹ fún òṣìṣẹ́ gbé gẹ́gẹ́ bí apá kan owó iṣẹ́ rẹ̀ náà lè wọlé, ní iye tí irú ilé bẹ́ẹ̀ ń lọ fún ní àdúgbò. Owó tí oníbàárà fi ta òṣìṣẹ́ lọ́rẹ kì í wọlé, bẹ́ẹ̀ náà ni owó tí ẹ̀yin fúnra yín san sí ìbánigbófò ìlera òṣìṣẹ́.

Ófátàìmù ni ibi tí ọlọ́gbà ti sábà máa ń sanwó lásán. Ìgbà ìrúwé ni iṣẹ́ wa máa ń le jù, láti oṣù kẹta títí dé oṣù kẹfà, tí gbogbo ará ìlú ń wá ra òdòdó. Bí òṣìṣẹ́ tó ń gba $20 ní wákàtí bá ṣe ófátàìmù ní $30, ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ gbà kí ẹ yọ $10 tó lé yẹn kúrò nínú owó tí wọ́n máa kà. Pennsylvania àti Delaware kò gbà á. Bí àwọn òṣìṣẹ́ yín bá ṣe wákàtí ófátàìmù 900 nínú àsìkò kan, $9,000 ni ẹ máa yọ. Lórí iye kóòdù $5, $450 ló dúró sọ́wọ́ yín. Ṣùgbọ́n ìwé owó iṣẹ́ yín gbọ́dọ̀ fi ófátàìmù hàn lọ́tọ̀. Bí ẹ bá kó gbogbo rẹ̀ pọ̀ sí ojú kan, wọn kò ní yọ nǹkan kan.

Ọ̀rọ̀ ọ̀gá fúnra rẹ̀: ní ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀, ẹni tó dá ní iṣẹ́ rẹ̀ kò sí nínú ìwé ìbánigbófò àyàfi tó bá ní kí wọ́n fi òun sí i. Bí ilé iṣẹ́ náà bá jẹ́ corporation (èyí tí òfin kà sí ẹni ọ̀tọ̀ sí àwọn tó ni ín), òdìkejì ló sábà máa ń jẹ́: àwọn olórí wà nínú rẹ̀ àyàfi tí wọ́n bá kọ̀wé pé àwọn ò fẹ́. Kó tó di pé ẹ yọ ara yín láti fi dín owó kù, ẹ wo ìbánigbófò ìlera yín dáadáa. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í sanwó lórí ìfarapa tó bá ti ẹnu iṣẹ́ wá.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: ẹ gba ìwé ẹ̀rí lọ́wọ́ gbogbo agbaṣẹ́ṣe

Ẹni tó wá fi rọ́bà tuntun bo ilé ọ̀gbìn, ẹni tó ń tún ẹ̀rọ amúlégbóná ṣe, ọlọ́kọ̀ tó ń kó igi lọ sí ìpínlẹ̀ mìíràn, ẹni tó ń kó òṣìṣẹ́ wá fún yín nígbà tí ọwọ́ bá dí: kí ẹnikẹ́ni nínú wọn tó fọwọ́ kan iṣẹ́, ẹ gba ìwé tó fi hàn pé ó ní workers' comp, kí ọjọ́ tó wà lórí ìwé náà sì bo ìgbà iṣẹ́ náà. Bí kò bá sí, owó tí ẹ san fún un lè wọ inú owó iṣẹ́ yín nígbà àyẹ̀wò, ẹ̀yin lẹ ó sì san ìbánigbófò rẹ̀. Pé ẹ fún òṣìṣẹ́ ní fọ́ọ̀mù 1099, ìwé owó orí tí a ń fún agbaṣẹ́ṣe, kò sọ ọ́ di agbaṣẹ́ṣe. Bó bá jẹ́ pé ẹ̀yin lẹ ń sọ ìgbà tó máa wá, irinṣẹ́ yín ló ń lò, kò sì ní oníbàárà mìíràn, òṣìṣẹ́ ni wọ́n máa pè é.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: ẹ tọ́jú mod yín

Ibí ni mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ sí jù lọ. Mod ń wo ọdún mẹ́ta, ṣùgbọ́n ó máa ń fo èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ parí. Fún ìwé tó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kìíní 2026, ti 2022, 2023 àti 2024 ni wọ́n máa wò. Nítorí náà, ìfarapa kan lè máa bá yín rìn fún ọdún mẹ́ta lẹ́yìn tí ẹ̀yin ti gbàgbé rẹ̀. Iṣẹ́ tuntun, tàbí èyí tó kéré ju gbèdéke ìpínlẹ̀ lọ, kì í ní mod. Bí ìgbà tó jẹ́ 1.00 ni wọ́n ṣe máa ń ṣe tiwọn.

Ohun méjì ni ọ̀pọ̀ ènìyàn kò mọ̀ nípa rẹ̀. Àkọ́kọ́, ìṣirò náà kórìíra ìfarapa kéékèèké tó ń ṣẹlẹ̀ lemọ́lemọ́ ju ńlá kan ṣoṣo lọ. Èkejì, ní ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ tí NCCI wà, bí kíléèmù (owó tí a bèèrè lórí ìfarapa kan) bá jẹ́ ti owó ìtọ́jú nìkan, tí òṣìṣẹ́ kò gba owó ọ̀sẹ̀, 30 nínú ọgọ́rùn-ún owó náà péré ni wọ́n máa kà. 70 yòókù, wọn kò ní kà á.

Ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan sì ní iye ọjọ́ tí òṣìṣẹ́ gbọ́dọ̀ ti wà nílé kí owó ọ̀sẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀: ọjọ́ mẹ́ta ní California, ọjọ́ méje ní Florida. Bí ẹ bá rí iṣẹ́ fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ fún ẹni tó farapa kí ọjọ́ náà tó pé, ní ìbámu pẹ̀lú ohun tí dókítà kọ, kíléèmù náà lè dúró gẹ́gẹ́ bíi ti ìtọ́jú nìkan. Iṣẹ́ kíkọ́lé kò ní irú àǹfààní yìí bíi tiwa. Nínú ilé ọ̀gbìn, ẹni tí ẹ̀yìn ń dùn lè jókòó fúnrúgbìn sínú tírè, ó lè kọ orúkọ sára àmì ìkòkò, ó lè yẹ ọjà wò kí ó tó jáde, ó lè gé ẹ̀ka kéékèèké fún gbígbìn lórí tábìlì. Ẹ kọ irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ mẹ́wàá sílẹ̀ nísinsìnyí, kí ẹ sì fi í ránṣẹ́ sí ilé ìwòsàn tí ẹ ń lò, kí dókítà mọ̀ pé ohun mìíràn wà yàtọ̀ sí kó ní kí òṣìṣẹ́ lọ sinmi nílé. Kí ó jẹ́ iṣẹ́ gidi o. Ẹni tí ẹ bá fi sórí àga lásán láti fìyà jẹ ẹ́, lọ́yà ni yóò lọ bá.

Ẹ ròyìn ìfarapa lọ́jọ́ tó ṣẹlẹ̀. Ẹ sì máa pe ẹni tó ń bójú tó kíléèmù ní ilé iṣẹ́ ìbánigbófò, pàápàá kí oṣù mẹ́fà tó pé lẹ́yìn tí ìwé ọdún náà parí, nítorí ìgbà náà ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ mú iye kíléèmù fún mod. Owó tí wọ́n ti yà sọ́tọ̀ fún kíléèmù kan, bí wọn kò bá tilẹ̀ tíì ná an, inú mod ló ń lọ. Bí òṣìṣẹ́ ti gbádùn tó sì ti padà sẹ́nu iṣẹ́, ẹ ní kí wọ́n ti fáìlì náà pa.

Ní ti dídènà ìfarapa, ẹ wo ibi tí iṣẹ́ wa ti ń pa ènìyàn lára: gbígbé ìkòkò tó kún fún iyẹ̀pẹ̀ tútù, ilẹ̀ tí omi wà, àkàbà nígbà tí a ń bo ilé ọ̀gbìn, ọ̀bẹ àti sísọ́ọ̀sì ọgbà, ojú tí ẹ̀ka ń gún. Bẹ́ǹṣì tó dé ìbàdí àti kẹ̀kẹ́ ìkẹ́rù kì í ṣe ohun ọ̀ṣọ́. Oògùn apakòkòrò ní òfin tirẹ̀ láti ọ̀dọ̀ EPA, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń bójú tó àyíká, ìyẹn Worker Protection Standard, tó sọ pé kí òṣìṣẹ́ gba ẹ̀kọ́ lọ́dọọdún, kí ẹni tó ń po oògùn tàbí tó ń fín in sì ti pé ọdún 18. Inú ilé ọ̀gbìn tó pa dé, ó ní ìlànà lórí bí afẹ́fẹ́ ṣe gbọ́dọ̀ ti jáde kí ènìyàn tó wọlé padà. Ooru náà ń pani. California ní kí ibòòji wà fún òṣìṣẹ́ ìta bó bá ti dé 80°F, kí omi mímu sì tó ìdá kan nínú mẹ́rin gálọ́ọ̀nù fún ẹnì kọ̀ọ̀kan ní wákàtí kan. Ìpínlẹ̀ yín lè má ní irú òfin yẹn, síbẹ̀ ẹ tẹ̀ lé e.

Ìgbésẹ̀ keje: ẹ múra sílẹ̀ de olùyẹ̀wò ìwé

Owó tí ẹ san níbẹ̀rẹ̀ ọdún, àfojúdá ni. Nígbà tí ọdún bá parí, wọ́n máa wá wo owó iṣẹ́ gidi, wọ́n á dá owó padà tàbí kí wọ́n bèèrè sí i. Nọ́sìrì tí iye òṣìṣẹ́ rẹ̀ ń pọ̀ tó ń dín bí àsìkò ṣe ń yí lè bèèrè fún ètò tí wọ́n ti ń san owó náà pẹ̀lú owó iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Ó dín gbèsè òjijì kù gan-an.

Kí wọ́n tó dé, ẹ kó fọ́ọ̀mù owó orí òṣìṣẹ́ tí ẹ fi ránṣẹ́ sí ìjọba àpapọ̀ jọ (941 olóṣù mẹ́ta-mẹ́ta, tàbí 943 ọdọọdún fún òṣìṣẹ́ oko), pẹ̀lú ìwé owó iṣẹ́ tí ófátàìmù ti wà lọ́tọ̀, ìwé wákàtí àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ méjì, fọ́ọ̀mù 1099, àti ìwé ẹ̀rí gbogbo agbaṣẹ́ṣe. Ẹni tó mọ iṣẹ́ ọgbà náà ni kó bá olùyẹ̀wò sọ̀rọ̀. Bí ẹ bá jẹ́ kí ìránṣẹ́ ọ́fíìsì sọ fún un pé "gbogbo wa la máa ń ran ara wa lọ́wọ́ nínú ilé ọ̀gbìn", ẹ ti fi kóòdù 8810 tọrẹ.

Bí owó tí wọ́n bèèrè bá ya yín lẹ́nu, ẹ má san án kíákíá, ẹ má sì pa á tì, nítorí wọ́n lè fagi lé ìwé yín. Ẹ bèèrè fún ìwé ìṣirò olùyẹ̀wò náà, ẹ fi í wé èyí tó wà lọ́wọ́ yín ní kóòdù sí kóòdù, kí ẹ kọ lẹ́tà tó sọ ìlà tí ẹ ń jà lé lórí, pẹ̀lú ẹ̀rí. Ẹ san apá tí ẹ kò jà lé lórí. Bí ilé iṣẹ́ ìbánigbófò bá kọ̀, ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ àjọ tó ń to kóòdù ní ìpínlẹ̀ yín: NCCI ní ètò ìpẹ̀tùsááwọ̀, WCIRB ní California ní ẹni tó ń ran àwọn tó ra ìbánigbófò lọ́wọ́. Ẹ béèrè ní ọjọ́ kìíní pé ìgbà wo ni àyè ìtakò yóò parí, kí ẹ sì kọ ọ́ sórí kàlẹ́ńdà.